ÀFỌWỌ́RÁ NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ OÚNJẸ: TA LÓ Ń SAN OWÓ RẸ̀?

 Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Ọ̀fà láti ìgbà tí a ti wọlé sáà yìí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí ọmọ ilé-ìwé gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni méjì péré sì máa wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ní kíláàsì wa, ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Àwọn kan ní ìwọ̀sí ni. Àwọn kan ní àwọn ò ní ra nǹkan níbẹ̀ mọ́ láé. Inú bí èmi náà, torí mi ò mú nǹkan ẹnìkan rí ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń tajà ni wọ́n bí mi sí. Màámi ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ níbí ní Ojoku, mo sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kí ọlọ́jà tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Àfọwọ́rá ni Yorùbá ń pe olè tí mò ń sọ yìí. Èèyàn á wọ ṣọ́ọ̀bù bí oníbàárà, á fọwọ́ rá nǹkan kékeré, á sì jáde láìsanwó. Kò gbé ìbọn, kò já ilẹ̀kùn, kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ní agbègbè tiwa yìí, tí a bá ti dárúkọ olè, ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018 ló máa ń wá sọ́kàn gbogbo èèyàn, ọjọ́ tí àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báńkì ní Ọ̀fà, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, tí ọlọ́pàá 9 sì wà nínú àwọn tó kú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ìyẹn, ta ló máa ka bisikíìtì kan sí? Bí àfọwọ́rá ṣe ń ráyè nìyẹn. (Mi ò ní kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é síbí o, kí n má bàa kọ́ ẹni tí kò mọ̀.)

Ibi tí ọwọ́ oníbàárà ti lè kan ọjà ni àfọwọ́rá ti ń gbèrú. Irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ò sì tíì pẹ́ láyé tó bí a ṣe rò. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Clarence Saunders, ló ṣí èyí tó lókìkí jù ní ìlú Memphis ní ọdún 1916, Piggly Wiggly ló pè é. Kó tó di ìgbà náà, ẹ̀yìn káńtà ni ọjà máa ń wà. O máa sọ ohun tó o fẹ́, ẹni tó ń tajà á gbé e fún ọ, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní Ojoku títí di òní. Saunders rí i pé tí oníbàárà bá ń rìn kiri láàárín ọjà, nǹkan tí kò ní lọ́kàn láti rà á bẹ̀rẹ̀ sí í wù ú, òṣìṣẹ́ díẹ̀ á sì tó. Òótọ́ ló rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó lè mú nǹkan sínú agbọ̀n, òun náà ló lè mú un sínú báàgì. Ẹni tó bá ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ti fọkàn tán wa kó tó mọ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní màámi ra páálí Indomie kan ní ₦9,200. 40 ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé ₦230 ni ẹyọ kan bọ́ sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń tà á ní ₦250. Èrè orí ẹyọ kan jẹ́ ₦20. Tí gbogbo ẹ̀ bá tà pátá, ₦800 ni èrè, a ò tíì yọ owó ọkọ̀ láti Ọ̀fà o, a ò tíì yọ owó iná. Wàyí o, tí ẹnìkan bá fọwọ́ rá ẹyọ kan, kì í ṣe ₦20 ló lọ. ₦230 ló lọ. Màámi gbọ́dọ̀ ta 12 mìíràn kó tó rí owó ẹyọ kan yẹn padà. Tí wọ́n bá mú 3 nínú páálí kan, 37 ló kù, tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦9,250. Èrè orí gbogbo páálí di ₦50. Tó bá di 4, ó ti fi ₦200 nínú owó ara rẹ̀ bọ́ àwọn tí kò mọ̀.

Mo ṣe ìṣirò yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan lẹ́yìn ilé-ìwé, ó ní, “Ah, 4 péré?” 4 péré ni o. Ẹni tó ń mú un máa ń rò pé olówó ni ọlọ́jà, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ó ń wo bí ọjà ṣe kún orí pẹpẹ, kò mọ̀ pé àwìn ni ọlọ́jà fi kó ìdajì rẹ̀, tàbí pé owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ leku ń jawọ.

Kí ni ọlọ́jà á wá ṣe? Ó lè fi owó lé ọjà. Tó bá gbé Indomie yẹn sí ₦270, 37 tó kù á mú ₦9,990 wá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo owó rẹ̀ padà. Ta ló san án? Àwọn tó ra 37 yẹn ni, tí wọ́n fi ₦20 ₦20 lé e láìmọ̀. Màmá arúgbó tó rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá ra ẹyọ kan san nínú rẹ̀. Ìwọ tó ò ń kà á yìí náà ti san nínú rẹ̀ rí. Ó sì wá bọ́ sí àkókò tí oúnjẹ fúnra rẹ̀ ti wọ́n. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ fò sókè, oúnjẹ sì tẹ̀lé e. Ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, kéde pé ní oṣù kẹfà 2024, owó oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù kẹfà ọdún tó ṣáájú lọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń ra gààrí ní kóńgò kan tẹ́lẹ̀ ti ń rà á ní ìlàjì.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń tajà ló dùn mí jù. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá, ọ̀gá kì í sábà jókòó síbẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde SS3 ni wọ́n máa ń gbà síṣẹ́, tó ń retí kí ó wọ Pólì tàbí yunifásítì. Ìjọba fi owó-oṣù tó kéré jù sí ₦70,000 ní 2024. Àwọn tí mo mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ò rí ìdajì ẹ̀. Ní ìparí oṣù, ọ̀gá á wá ka ọjà, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ohun tó bá dín, wọ́n á pín in sórí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sì yọ ọ́ nínú owó wọn.

Àǹtí kan ládùúgbò wa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù méje. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ibi tó ti ṣiṣẹ́. Ó sọ fún mi pé lóṣù kan, sadíìnì àti mílíìkì alágolo ló dín. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó mú un. Ọ̀gá ò bú wọn, kò pariwo, ó kàn yọ owó ẹ̀ ni. Oṣù tó tẹ̀lé e náà, bẹ́ẹ̀. Owó tó ń tọ́jú fún fọ́ọ̀mù JAMB ló fi dí i, kò sì ṣe JAMB lọ́dún yẹn. Ẹni tó gbé sadíìnì yẹn lè máà mọ̀ títí ayé pé ìdánwò ẹnìkan lòun jẹ. Mo bi àǹtí náà pé ṣé kò sí òṣìṣẹ́ tó ń mú nǹkan níbẹ̀ ni. Ó ní ó ṣeé ṣe. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀: gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fura síra wọn, wọ́n sì jọ ń jẹun nínú abọ́ kan tẹ́lẹ̀.

Ti ilé wa ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, tábìlì ni màámi máa ń gbé síta, á to bisikíìtì, Indomie àti súgà sórí ẹ̀, oníbàárà á sì mú ohun tó fẹ́. Ní January ọdún yìí, ó pe wẹ́dà. Wọ́n fi irin àti wáyà dí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ku ihò kékeré kan tí owó ń gbà wọlé tí ọjà ń gbà jáde. Ìwé àwìn rẹ̀ náà, ó ti ká a. Èyí ló ká mi lára ju wáyà lọ. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín, àwìn ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń dé ìparí oṣù ní Ojoku. Owó-oṣù lè pẹ́, oko lè máà tíì tó kórè, àmọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. (Ẹ̀yin tíṣà wa, mi ò dárúkọ ẹnìkan o.) Ọlọ́jà tó bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ ló lè ní kí o mú un lọ, kí o san án lọ́jọ́ Sátidé. Tí àfọwọ́rá bá ti jẹ owó díẹ̀ yẹn, kò rí ohun tó máa fi dúró de Sátidé mọ́. Ìyá ìbejì tó ń gba kóńgò gààrí kan láwìn lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ ò jí nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ gbọ́ “kò sí àwìn mọ́”.

Àwọn àgbà tiwa náà mọ̀ pé ọjà tí ẹnìkan ò ṣọ́ lè rìn. Bàbá àgbà mi sọ pé nígbà èwe àwọn, ẹni tó bá ń lọ sóko lè to iṣu tàbí ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà, á fi òkúta wẹ́wẹ́ síwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan láti fi iye owó rẹ̀ hàn, á sì bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń kọjá á mú ọjà, á fi owó sílẹ̀. Tí olówó ọjà bá dé ní ìrọ̀lẹ́, owó rẹ̀ á pé. Nígbà míì wọ́n á so ààlè mọ́ nǹkan: ìkarahun ìgbín, ṣúkù àgbàdo, àkísà, ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Ẹni tó bá rí i mọ̀ pé nǹkan náà ní olówó, èpè sì ń dúró de ọwọ́ tó bá kàn án. Òyìnbó Amẹ́ríkà kan, David Doris, kọ odindi ìwé kan lórí ààlè Yorùbá ní 2011, Vigilant Things ni àkọlé ẹ̀.

Àwọn kan máa ń gbọ́ irú ìtàn yìí, wọ́n á ní ayé àtijọ́ ò ní olè. Èmi ò gbà. Tí kò bá sí olè, kí ni wọ́n fẹ́ fi ààlè ṣe? Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ààlè ni kámẹ́rà àwọn bàbá wa, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Kámẹ́rà tòde òní ń jowó, ó fẹ́ iná, ó fẹ́ ẹni tó máa jókòó wò ó, orí ọjà náà sì ni owó gbogbo ìyẹn ń bọ̀ sí.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa nìkan ni, tàbí ti tálákà nìkan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀fà àti Ojoku wà, ó ti di ìṣòro ìjọba. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, British Retail Consortium, kéde pé láàárín 2023 sí 2024, wọ́n jí nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù ní ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù 20, owó ọjà náà sì jẹ́ bílíọ̀nù 2.2 pọ́n-ùn. Ní 2014, wọ́n ti ṣe òfin kan níbẹ̀ tó sọ olè ṣọ́ọ̀bù tí kò ju 200 pọ́n-ùn lọ di ẹ̀sùn kékeré. Àwọn ọlọ́jà ní láti ìgbà yẹn ni àwọn olè ti ń rò pé kò sí ẹni tó máa dá àwọn dúró. Ẹ̀gbọ́n màámi tó ń gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí wa: agolo mílíìkì ọmọdé, wọ́n fi nǹkan oníke dè é lọ́rùn, tí yóò ké tí ẹnìkan bá gbé e jáde láìsanwó. Màámi wò ó títí, ó ní, “Àwọn náà ti pe wẹ́dà tiwọn.”

Ẹnìkan á ní, ebi ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ fò ó. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní Ítálì, ọkùnrin kan tí kò nílé mú wàràkàṣì àti sọ́séèjì ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní ìlú Genoa. Owó rẹ̀ ò ju yúrò 4.07 lọ. Wọ́n kọ́kọ́ dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún un, ṣùgbọ́n ní 2016, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá a sílẹ̀, wọ́n ní oúnjẹ díẹ̀ tó fi pa ebi ojú ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo rò pé ilé-ẹjọ́ náà ṣe dáadáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa, kí ló ń sọnù ní ṣọ́ọ̀bù tiwa? Láti ìgbà tí mo ti ń bá màámi tajà, mi ò rí kí wọ́n jí gààrí rí. Bisikíìtì ni, ṣokoléètì ni, súwíìtì ni, sadíìnì. Ẹni tí ebi ń pa ní Ojoku máa ń wá sọ ọ́ ni, màámi á bu gààrí fún un, á fi súgà sí i, wáyà ò dí ìyẹn lọ́wọ́.

“Ebi ń pa wá” náà ni ọ̀pọ̀ sọ ní Ìlọrin ní oṣù kẹwàá 2020, lẹ́yìn ìfẹ̀hónúhàn EndSARS. A ṣì wà ní pámárì nígbà yẹn. Wọ́n já wọ ibi tí wọ́n kó oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà sí, wọ́n ní tàwọn ni, wọ́n sì fi pamọ́ fún àwọn. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ò dúró síbẹ̀, wọ́n tún kọjá sí Shoprite àti ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni, tí kò bá wọn fi nǹkan kan pamọ́. Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlọrin. Ẹni tó kó àti ẹni tí kò kó, ilé ni gbogbo wọn jọ jókòó sí, tí ẹni tó ń ta àkàrà lójú títì ò rí ẹni tà fún.

Tí ọwọ́ bá wá tẹ ẹnìkan ńkọ́? Òfin Penal Code tí a ń lò ní Kwara ò ya bisikíìtì sọ́tọ̀. Abala 287 sọ pé ẹni tó bá jalè lè fi ẹ̀wọ̀n jura títí dé ọdún 5, tàbí kó sanwó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n òfin kọ́ lẹ̀rù ń bà mí jù. Àwọn tó máa ń péjọ kí ọlọ́pàá tó dé ló ń bà mí lẹ́rù. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá 2012, ní abúlé Aluu ní Ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn èrò fẹ̀sùn olè kan akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tó lọ́wọ́ sí i. Torí náà, tí ẹ bá gbọ́ “olè! olè!” lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sá lọ síbẹ̀ láti lọ ju òkúta. Ẹ wá àgbàlagbà tó lè dá wọn lẹ́kun, kí ẹ sì ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá.

Ó ku àwọn tí kì í mú nǹkan fúnra wọn, tó jẹ́ pé lákòókò ìsinmi ni wọ́n máa ń na ọwọ́. Wọ́n mọ ibi tí ṣokoléètì ti wá, wọ́n á sì ní àwọn kọ́ làwọn gbé e. Yorùbá ti dá wọn lóhùn tipẹ́: ẹni tó gbé epo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ní kíláàsì wa, ẹni tó ń gbé e ò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Àwọn tó ń gbà á sílẹ̀ ló pọ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá bá a jẹ ẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò bá bá a rẹ́rìn-ín, mo rò pé á sú u láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, torí mi ò rò pé ebi ló ń gbé e kiri. Ó fẹ́ ká pe òun ní bọ́ìsì ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi màámi bóyá ó máa yọ wáyà yẹn kúrò lọ́jọ́ kan, kí tábìlì padà síta. Ó ní kí ẹni tó bá máa dá owó wẹ́dà padà fún òun kọ́kọ́ dé ná.